Ẹsẹ̀ Òsì Ìbítóyè Mẹkáníìkì

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ayétòrò nípa olóògbé Ìbítóyè mẹkáníìkì, kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti bí i. Ọjọ́ tó wa lọ́rì láti Ìjọ̀un dé Ayétòrò láìní kílọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdírísù ló sì lẹ́tọ̀ọ́ jù láti sọ ọ́, nítorí òun ló ni lọ́rì náà, òun náà ló jókòó ti Ìbítóyè lọ́jọ́ ọ̀hún, tó ń ṣe gbogbo àdúà tó mọ̀, tó tún ń hun àwọn tí kò mọ̀ kún un.

Ìsọmọlórúkọ ló gbé Ìbítóyè dé Ìjọ̀un. Ó jẹ, ó mu, ó ní òun yóò bá Ìdírísù padà sílé nínú lọ́rì tó kó gàrí. Ìdírísù jókòó sídìí ọkọ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó lè fi jíà sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Pẹ́dà náà lọ, kò bọ̀. Rọ́bà tó ń sé òróró kílọ́ọ̀ṣì ti já, gbogbo òróró náà sì ti ṣàn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, a ò lè lọ mọ́ lónìí," Ìdírísù wí. "Wọn ò ta irú rọ́bà yìí nílùú yìí."

"Ta ló bi ọ́?" ni Ìbítóyè fi dá a lóhùn. Bó ṣe máa ń dá gbogbo dírẹ́bà lóhùn nìyẹn.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àwọn obìnrin kan gbé Rọ́fíàt dé. Ìyàwó àgbẹ̀ kan ni Rọ́fíàt, ìrọbí sì ti mú un láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú ìlú náà tẹ̀ lé wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi wá, apá òun ò ká a, kí wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ayétòrò. Ọjà ti kó gbogbo ọkọ̀ ìlú lọ, obìnrin tó sì wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà. Lọ́rì Ìdírísù nìkan ló kù. Lọ́rì Ìdírísù ò sì ní kílọ́ọ̀ṣì.

Ìbítóyè wo obìnrin náà, ó wo lọ́rì. "Kí ni kílọ́ọ̀ṣì wà fún?" ó bi Ìdírísù. "Ṣebí kí ọkọ̀ lè gbéra, kó sì lè dúró ni? Ẹ bá mi mú un gbéra. Ti dídúró ńkọ́? Àwa ò ní í dúró."

Wọ́n já gàrí sílẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ìwọ̀nba kù, wọ́n tẹ́ ẹní lé e lórí fún Rọ́fíàt, nọ́ọ̀sì sì jókòó tì í. Bátìrì ọkọ̀ náà ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́, kò lè jí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ìbítóyè ti fi jíà sí i kó tó di pé ohunkóhun dún, gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì para pọ̀ tì í sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú mọ́sáláṣí. Lọ́rì náà ta, ó wúkọ́, ó gbéra. Láti ibẹ̀ lọ, etí ni Ìbítóyè fi ń wakọ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá gòkè dé ibi tó ń retí, á dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, á fa jíà jáde, á tẹ́tí díẹ̀, á sì ki jíà mìíràn bọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Ìdírísù tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà èwe jókòó, ó la ẹnu sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ títí wọ́n fi kan àwọn aṣọ́bodè tó na igi dábùú ọ̀nà. Ìbítóyè mọ̀ pé bí òun bá dúró pẹ́nrẹ́n, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ọkùnrin Ìjọ̀un tí yóò tún bá òun ti ọkọ̀. Ó tẹ fèrè, kò sì gbọ́wọ́ kúrò. Ìdírísù yọ orí síta, ó ń ké pé, "Kò ní kílọ́ọ̀ṣì! Ẹ jọ̀ọ́, kò ní kílọ́ọ̀ṣì!" Ìbítóyè rò ó pé bóyá èdè yẹn ò yé wọn, ó bá fi ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tó mọ̀ kún un, orúkọ tí wọ́n ń pe kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó kọ́ nígbà tó ń lọ ra kílọ́ọ̀ṣì àlòkù ní Kútọnu: "Ańbíréyáàjì! Ańbíréyáàjì!" Ẹni tó di okùn igi náà mú kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ ìrísí lọ́rì tí kò ní í dúró. Ó tú okùn náà sílẹ̀, igi fò sókè, lọ́rì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Méjì nínú wọn fò sórí alùpùpù, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Ó dá wọn lójú pé ìrẹsì fàyàwọ́ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Bí Ìbítóyè ṣe já wọ ọgbà ilé ìwòsàn, ó pa iná ẹ́ńjìnnì. Lọ́rì náà ta, ó tún ta, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí gan-an. Wọ́n gbé Rọ́fíàt wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn aṣọ́bodè náà fi dé, eruku bò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ta ló ní kí ìwọ má dúró fún ìjọba?" ọ̀gá inú wọn jágbe.

Ìbítóyè nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí. "Ẹni tó ń bọ̀ yìí ni. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ bi í fúnra yín bó bá dé."

Wọ́n dúró lóòótọ́. Ọmọbìnrin ni. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Habeebah, ìyá àgbà ilé wọn ń pè é ní Ìgè, nítorí ẹsẹ̀ tó fi wá sáyé. Ọ̀gá aṣọ́bodè náà gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìta, ó ṣí fìlà, ó ní òun ò ní ìbéèrè kankan fún un mọ́.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Ìbítóyè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì. Ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní ọ̀nà Igbógílà, lọ́rì nìkan ló sì ń tọ́jú níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, kò ní í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì ní í yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Yóò gun iwájú ọkọ̀, yóò bọ́ bàtà òsì nìkan, yóò fi àkísà nu àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọ mọ́sáláṣí, yóò gbé e lé pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, yóò sì di ojú. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́n," ni yóò máa wí. "Iná ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, kò mọ nǹkan mìíràn. Ẹsẹ̀ òsì ni Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí."

Ohun tó sì ń dun àwọn tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé òótọ́ ni ẹsẹ̀ náà ń sọ. Bí pẹ́dà bá ń rì rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀ bíi búrẹ́dì, á ní atẹ́gùn ti wọ inú òróró. Bó bá jẹ́ ìgbà tí pẹ́dà bá padà dé òkè téńté ni ọkọ̀ tó ń gbéra, á ní páléètì, àwo inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń di ẹ́ńjìnnì mú, ti jẹ tán. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú nígbà tó fẹ́ gbéra, á ní epo ti ta sí páléètì lára. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń ké, béárìnnì ni. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ bàtà rẹ̀ padà, tí yóò sì pe sípánà.

Ọjọ́ tí Ìdírísù kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti múra àlàyé sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ń gun òkè báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní í..."

"Ta ló bi ọ́? Mọ́tò ni mo fẹ́ bi. Mọ́tò ò tíì purọ́ fún mi rí." Ó fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wo pẹ́dà, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ó yá, bọ́ bàtà."

Ìdírísù rò pé àwọn méjèèjì fẹ́ jọ tẹ̀ ẹ́ ni. Ìbítóyè gba bàtà òsì, ó yí i padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dán bí abọ́ tánganran. Ó gbé e sókè kí gbogbo ọgbà lè rí i. "Ẹ wá wò ó! Ó ti jẹ́wọ́! Gbogbo ọ̀nà ni bàbá yìí ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Páléètì ò sinmi, béárìnnì ò sinmi. Ìwọ nìkan lò ń sinmi!"

Ìdírísù ní irọ́ ni. Nígbà tó tún máa wá, ó ti ra bàtà tuntun, ó wọ̀ ọ́ dé ọgbà, ó ń fi ṣe fáàrí. Ìbítóyè wo bàtà náà títí, ó mi orí.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "O ti lọ pa ẹlẹ́rìí."

Ọ̀rọ̀ ò wọ Ìdírísù létí, Ìbítóyè bá fi ọgbọ́n orí ṣe ẹ̀rọ kan. Ó rí aago kékeré kan rà ní Ìlarò, irú èyí tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta áìsìkíríìmù ń lù kiri. Ó fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì lọ́rì Ìdírísù lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, aago dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ pátápátá, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kàn sinmi lé e, aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún: jángílá-jángílá. "Ìwọ máa wakọ̀ lọ," ó wí fún un. "Bó o bá ti ń ṣe dáadáa, o ò ní í gbọ́ nǹkan kan."

Ìdírísù ò tíì jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Nígbà tó fi máa dé Igbógílà, àwọn ọmọ ti tú sí ẹ̀bá títì, abọ́ àti ife lọ́wọ́ wọn. Ó dúró kó má baà gbá ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn gun lọ́rì náà dé ojú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ fún mi ní aláwọ̀ pupa."

"Kó o padà sílé! Gbágùúdá ni mo kó!"

Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú ilé pòṣé. "Àgbàlagbà bíi tìẹ," ó wí, "o ò mà tijú! Ò ń lu aago, ò ń tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ, gbágùúdá tútù ló wà nínú ọkọ̀ rẹ."

Bó ṣe já ẹrù ló darí sí Ayétòrò, inú ń bí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú aago yìí kúrò lójú ẹsẹ̀!"

Ìbítóyè ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. "Ṣé ó ń dún ni?"

"Ó ń dún!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀? Nígbà wo ló máa ń dún?"

Ìdírísù la ẹnu láti dáhùn. Ó rí ibi tí ìdáhùn náà ń gbé e lọ, ó pa ẹnu dé, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Ó gba ọ̀pọ̀ ìrìn àjò, ṣùgbọ́n aago náà dákẹ́ nígbẹ̀yìn. Páléètì tí Ìbítóyè fi sí lọ́rì náà wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìdírísù ò fi ní ìdí láti yà sí ọgbà mọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì pàdé nílé epo. Ìbítóyè wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. "O ò wá mọ́," ó wí. "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Láti ọjọ́ yẹn ni Ìdírísù ti ń yà níbẹ̀, yálà ọkọ̀ ń ṣàìsàn, yálà ara rẹ̀ le.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ Àlàájà Sẹ̀kínát fi ṣojú rẹ̀. Àlàájà yìí ń ṣòwò àgbàdo ní Igbógílà, ó sì ti fi èrè ọ̀pọ̀ ọdún ra lọ́rì kan. Ọkọ̀ náà ń ké lórí òkè, kò gun òkè. Ìbítóyè pààrọ̀ páléètì, ó sì fẹ́ dán an wò. Ọ̀nà tó máa ń gbà dán an wò nìyí: yóò fa bíréèkì ọwọ́ sókè, yóò fi jíà ńlá sí i, yóò wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí páléètì bá di ẹ́ńjìnnì mú dáadáa, kò sí ibi tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ lọ, yóò kú ni. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé ó ṣì ń yọ̀. Ìgbà tí Àlàájà ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé náà ni ẹ́ńjìnnì kú. Ìbítóyè fò jáde, ó ń jó.

"Ó kú! Ẹ bá mi yọ̀ o, ó kú pátápátá!"

Àlàájà ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ta ló kú?"

"Ẹ́ńjìnnì yín ni, Àlàájà! Ẹ kú oríire!"

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Àlàájà jókòó sí. Ìdírísù ló sáré gbé omi fún un, òun ló sì fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ikú rere ni. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lọ́gbà, orí fóònù ni yóò ti máa béèrè láàárín ọjà pé, "Ìbítóyè, ṣé ó ti kú?" Bí wọ́n bá ní ó ti kú, á ní, "Alihamudulilahi." Àwọn tó jọ ń tajà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfuratìfura.

Ti inú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìdírísù kò sí níbẹ̀, mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Ìbítóyè kọjá. Pásítọ̀ Akínyẹmí wà lórí ìwàásù, gbogbo ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́. Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè pé, "Ará, kí ni ohun tó ń ké nínú rẹ, tí o ò fẹ́ kí aráyé gbọ́?" Àsìkò yẹn ni Ìdírísù tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní kọ́nà, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì han fíìì.

"Béárìnnì!" ni Ìbítóyè dáhùn láti àga iwájú.

Pásítọ̀ dúró. "Ẹ̀gbọ́n Ìbítóyè, ṣé ti yín ni?"

"Rárá o, Pásítọ̀. Ti Ìdírísù ni."

Kí ni Pásítọ̀ ìbá ṣe? Ó ní kí gbogbo ìjọ dìde, kí wọ́n gbàdúrà fún Ìdírísù. Ní ọjọ́ Ajé, Ìdírísù ń ra pọ̀nmọ́ lọ́jà nígbà tí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ yín," obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Béárìnnì yẹn á tú yín sílẹ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìbítóyè bí, Àrìnpé, obìnrin. Ó kọ́ ọ níṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan wá bá a pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó bi wọ́n pé, "Ọlọ́run ò fún un ní ẹsẹ̀ òsì ni?" Wọ́n ní ó fún un. Ó ní, "Ó tán, àbùṣe bùṣe." Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Àrìnpé bá ti sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kan, bàbá rẹ̀ á tún gun ọkọ̀ náà, á tún bọ́ bàtà, á tún di ojú, kó tó wá wí pé, "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn." Kò jẹ́ kó ṣáájú rí. Ìdírísù rí i pé ó ń dun ọmọ náà.

Ìgbà tó yá, àìsàn mú Ìbítóyè lápá òsì. Ó tún padà ń rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì náà kò mọ nǹkan mọ́. Bí o bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò mọ̀. Wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ máńgòrò, etí ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́. Kò sì ráhùn. Ó kàn ń wí fún ẹni tó bá wá kí i pé ẹsẹ̀ òun ti gba ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ kan ni dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Abdulrauf gbé lọ́rì ata dé, ariwo ńlá ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Ata náà ti ń rọ̀. Ìbítóyè tẹ́tí láti orí àga, ó ní, "Béárìnnì kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó máa lọ." Ara Abdulrauf balẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ béárìnnì yẹn nìkan, yóò dé ọjà kí ata tó bàjẹ́.

Àrìnpé wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń bẹ lórí pẹ́dà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń dákẹ́. Ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ló ń ké. Kì í ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì. Inú jíábọ́ọ̀sì ni."

Láti tú inú jíábọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ńlá ni, ata ò sì lè dúró dè é. Bó bá wá ṣìnà, ọjà Abdulrauf ṣòfò, kò sì sí dírẹ́bà tí yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún obìnrin ní Ayétòrò. Abdulrauf yíjú sí Ìbítóyè. "Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbé ọkọ̀ wá fún o. Ohun tí ẹ bá..."

"Ta ló bi ọ́?" Ìbítóyè wí. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ìdírísù tó dúró lẹ́yìn àga sún mọ́ wọn. "Àrìnpé. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá."

"Tú u."

Ìdírísù fúnra rẹ̀ gbé lọ́rì tirẹ̀ wá, wọ́n kó ata sí i, ó gbé e lọ sọ́jà fún Abdulrauf. Nígbà tó fi máa padà, Àrìnpé ti já jíábọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì ti tú u. Ó fi béárìnnì inú rẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti fọ́ wómúwómú. Béárìnnì ti kílọ́ọ̀ṣì tí Ìbítóyè dárúkọ wà lórí tábìlì, ó ń yí geere, kò ní àbàwọ́n kankan.

Ìbítóyè yẹ méjèèjì wò. "Mo ṣìnà," ó wí, bí ẹni ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu, nítorí kò sọ ọ́ rí. Ó tún un sọ sókè: "Mo ṣìnà! Ìdírísù, o gbọ́? Mo ṣìnà! Gbé mi!"

"Níbo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo ìlú!"

Ìdírísù gbé e jókòó síwájú lọ́rì. Wọ́n dé ilé epo, Ìbítóyè yọ orí síta: "Ẹ gbọ́ o! Èmi Ìbítóyè ṣìnà lónìí! Ta ló mú mi? Ọmọ mi ni!" Wọ́n dé gáréèjì, ó tún un sọ. Wọ́n dé ilé Pásítọ̀ Akínyẹmí, Pásítọ̀ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fẹ́ jẹ́wọ́, ó ti ń wá Bíbélì. Ìbítóyè pe Àlàájà Sẹ̀kínát lórí fóònù, ó sọ fún un pé kò sí ẹni tó kú lónìí, òun ṣìnà ni. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé ni àṣìṣe náà ń tóbi sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, ó ti ń wí pé odidi wákàtí ni òun fi bá ọmọ náà jiyàn, pé òun búra, pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde lọ́gbà, ọmọ náà ò sì mì. Kò tíì sí ẹni tó fi àṣìṣe ara rẹ̀ yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Yewa.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì kan dé. Àrìnpé sọ ohun tó ń ṣe é. Dírẹ́bà yíjú sí abẹ́ máńgòrò láti gbọ́ ti bàbá. Ìbítóyè ti di ojú, ó ń ṣe bí ẹni tó ti sùn.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi sùn lóòótọ́, tí kò sì jí mọ́. Àwọn lọ́rì tó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ gùn láti ilé rẹ̀ dé ìta ìlú. Wọ́n ní kí Ìdírísù sọ̀rọ̀ lórí sàréè. Ó bọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó sì padà sáàárín èrò.

Ìdírísù ṣì ń yà sí ọgbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tí ọkọ̀ kan tí kò mọ̀ wọlé. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú sọ̀ kalẹ̀. Ó ní Oyèkúnlé lorúkọ òun, Ìlarò ni òun ti ń bọ̀, ó sì béèrè Bàbá.

Ìdírísù sọ fún un. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó dì í mú níwájú àyà.

Àrìnpé jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Kí ló ń ṣe ọkọ̀ yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ìyá mi." Ojú ń ti Oyèkúnlé díẹ̀. "Àwọn bàbá yín ló tún un ṣe fún mi nígbà kan. Gbogbo èèyàn ní kí n tà á fún àwọn onírin, àwọn nìkan ló ní ó ṣì máa lọ. Ọ̀nà mi ò gba ibí mọ́ láti ìgbà náà. Mo kàn ní kí n yà lónìí, kí wọ́n lè rí i pé ó ń lọ."

Ìdírísù yíjú sí ọ̀nà, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan. Àrìnpé dúró, àkísà dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì," ó wí.

"Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe é."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ sì ṣáná sí i, ká bá wọn wò ó."

Oyèkúnlé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà jí lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó rọ̀, ó ń lọ geere. Ìdírísù dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ, ó wá dúró tì wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ sórí ọkọ̀ náà nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó mú sípánà dání nínú wọn, kò sì sí èyí tó ń kánjú.